Títo kọ̀ǹpútà géèmù fún ọmọ: ìbéèrè táwọn òbí máa ń bèèrè àti ìdáhùn wọn

Ìbéèrè: Ibo gan-an ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Àwọn nǹkan ọ̀hún ti pọ̀ jù.

Ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kó tó kan ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tajà. Ẹ ní kó kọ orúkọ gbogbo géèmù tó ń gbá sílẹ̀, kó tún kọ àwọn tó ń wù ú tí ò tíì ní, ìwé yẹn lẹ máa fi ra gbogbo nǹkan tó kù. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí ohun tí mo máa ń rí ni pé òbí á ti kówó rẹpẹtẹ lé graphics card (ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán géèmù jáde) ńlá, ó wá di pé Roblox àti Minecraft nìkan lọmọ ń gbá, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì yẹn ò béèrè nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Roblox máa ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí ò lágbára rárá. Minecraft náà ò le, RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 8GB ti tó o, àmọ́ ọjọ́ tọ́mọ bá kó mods (àfikún táwọn èèyàn ṣe fún géèmù) àti shaders (àfikún tó ń mú kí àwòrán ẹ̀ dára sí i) lé e lórí, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn, graphics card gidi ló lè gbé shaders. Fortnite wà láàárín: àwọn tó ṣe é sọ pé RAM 8GB ló kéré jù, àmọ́ 16GB ni wọ́n ní kéèyàn lò tó bá fẹ́ kó lọ geere. Àwọn géèmù ńláńlá tó ń gba 100GB àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí disk, ìyẹn ló ń jẹ owó.

Bẹ́ ẹ ṣe ń wo ìwé yẹn, ẹ tún wo nọ́ńbà ọjọ́ orí tó wà lára géèmù kọ̀ọ̀kan. PEGI, ètò ilẹ̀ Yúróòpù tó ń sọ ọjọ́ orí tí géèmù bá mu, máa ń kọ 3, 7, 12, 16 tàbí 18 sára ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé gbogbo géèmù tó nílò graphics card ńlá nínú ìwé ọmọ ọdún 9 ló jẹ́ 18, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa yọ kúrò, owó yín náà á sì dínkù.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni graphics card?

Rárá o. Àwọn processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) kan wà tí ẹ̀rọ àwòrán ti wà nínú wọn, tó sì lágbára débi tọ́mọ á fi gbádùn ara ẹ̀. Ryzen 5 5600G ti AMD, tó jáde ní 2021, ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fáwọn tówó wọn ò pọ̀, ó ní core 6, ó ń bá motherboard (pátákó tí gbogbo nǹkan ń wọ̀) AM4 àti RAM DDR4 ṣiṣẹ́ (AM4 ni irú ihò tí processor ń wọ̀, DDR4 ni irú RAM), Minecraft, Roblox àti Fortnite lórí sẹ́tìǹgì kékeré ò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tówó ẹ̀ bá gbé e díẹ̀ sí i lè ra Ryzen 5 8600G tó jáde ní 2024, tiẹ̀ le dáadáa ju ìyẹn lọ, àmọ́ AM5 àti DDR5 ló ń lò, ìyẹn á sì fi owó kún ti motherboard àti RAM.

Ohun tó wù mí nínú ọ̀nà yìí ni pé ẹ lè bẹ̀rẹ̀ báyìí láìsí graphics card, tó bá di ọdún tó ń bọ̀ tọ́mọ ti dàgbà tí géèmù ẹ̀ ti yí padà, ẹ kàn máa ki graphics card bọ ihò ẹ̀, ẹ ò ní ju nǹkan kan nù.

Ẹ ṣọ́ra fún processor Intel tí F bá wà níparí orúkọ ẹ̀, bíi Core i3-12100F tàbí Core i5-12400F. Wọ́n dáa gan-an, owó wọn sì máa ń rọjú, àmọ́ F yẹn túmọ̀ sí pé kò sí ẹ̀rọ àwòrán nínú ẹ̀ rárá, tẹ́ ẹ bá rà á láìra graphics card mọ́ ọn, mọnítọ̀ ò ní gbé nǹkan kan jáde.

Ìbéèrè: Tí graphics card bá wá di dandan, èwo ni kí n rà?

Fún mọnítọ̀ 1080p (bí àwòrán ẹ̀ ṣe mọ́ tó nìyẹn), tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ń lò, Radeon RX 6600 ló ṣì ń wù mí jù fún ẹni tó ń ṣọ́ owó. Memory 8GB ló ní, kò jẹ iná, wáàtì 132 péré. RTX 3060 tó ní 12GB dáa, RTX 4060 náà dáa, 8GB ni tiẹ̀ àmọ́ wáàtì 115 ló ń jẹ, ìyẹn ni pé kì í gbóná bí tàwọn kan. Arc B580 ti Intel ní 12GB, ó sì lágbára, àmọ́ ẹ má fi sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, ó fẹ́ motherboard tó ní Resizable BAR (ètò tó ń jẹ́ kí processor rí gbogbo memory káàdì lẹ́ẹ̀kan náà), láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa rẹ̀ ẹ́ gan-an ni.

Káàdì tí ò bá tó 8GB, ẹ fojú fò ó tó bá jẹ́ tuntun lẹ fẹ́ rà, torí géèmù tó ń jáde báyìí ń kún memory yẹn kíákíá. Ẹ sì jọ̀ọ́, tí wọ́n bá gbé GT 710 fún yín tí wọ́n ní "gaming" ni, ẹ dá a padà. Ẹ̀rọ àwòrán tó wà nínú Ryzen 5 5600G lágbára jù ú lọ fíìfíì, owó tẹ́ ẹ máa kó lé e ṣòfò nìyẹn.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé processor àti motherboard bára mu?

Sọ́kẹ́ẹ̀tì, ihò tí processor ń wọ̀, ni kẹ́ ẹ wò. AM4 fún AM4, AM5 fún AM5, LGA1700 ti Intel fún LGA1700, kò sí ọgbọ́n tẹ́ ẹ lè dá sí i. AM5 ò gba RAM míì ju DDR5 lọ. LGA1700 ló máa ń da èèyàn rú, torí motherboard ẹ̀ kan ń gba DDR4, òmíràn ń gba DDR5, kò sì sí èyí tó lè wọ ihò èkejì, nítorí náà ẹ ka orúkọ motherboard yẹn tán porongodo kẹ́ ẹ tó ra RAM.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sọ fún èèyàn. Motherboard AM4 tó ti pẹ́ lórí igbá, bíi B450, lè má dá Ryzen 5000, bíi 5600G, mọ̀ títí tí wọ́n á fi ṣe àtúnṣe sí BIOS ẹ̀ (ètò tó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà bá tan). Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ti ṣe é, àbí kẹ́ ẹ wá èyí tó ní bọ́tìnì BIOS Flashback lẹ́yìn, ìyẹn lẹ lè fi USB ṣe é fúnra yín láìsí processor lórí ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń wo ọjọ́ iwájú, AMD ti sọ pé àwọn ò ní fi AM5 sílẹ̀ títí di 2027 ó kéré tán, torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ fẹ́ni tọ́mọ ẹ̀ ṣì kéré pé kó lọ fún AM5 tí agbára bá wà.

Ìbéèrè: RAM mélòó?

16GB. Ẹ ra méjì tó jẹ́ 8GB 8GB, ẹ má ra ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ processor tó ní ẹ̀rọ àwòrán nínú lẹ ń lò, ọ̀rọ̀ méjì yìí ṣe pàtàkì gan-an, torí inú RAM yẹn náà ni ẹ̀rọ àwòrán ti ń jẹun, ẹyọ kan ṣoṣo á mú kí géèmù máa fà. Tí motherboard bá ní ihò RAM mẹ́rin, ihò kejì àti ìkẹrin lẹ máa fi wọ́n sí, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ẹ̀gbẹ́ processor. Lẹ́yìn náà ẹ wọ BIOS kẹ́ ẹ tan XMP tàbí EXPO, ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré tó iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀. DDR5 tí wọ́n kọ 6000 sí lára á máa sáré ní 4800 títí tẹ́ ẹ máa fi tan nǹkan yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ra èyí tó yá tí wọn ò jẹ adùn ẹ̀ rí.

Owó RAM ti gbéra sókè gan-an láti ìparí ọdún 2025 torí àwọn ilé ẹ̀rọ AI ń rà á bí ẹni máa ra gbogbo ẹ̀ tán, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ní DDR4 tó dáa nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan nílé, ẹ má tà á o, ẹ fi AM4 tò.

Ìbéèrè: Wọ́n ní páwà sọ́pláì tó bá ṣáà ti tan iná ti tó. Ṣé òótọ́ ni?

Irọ́ ni, ibí yìí ni mi ò ní gbà fún yín rárá. Páwà sọ́pláì ló ń pín iná fún gbogbo nǹkan tó wà nínú ẹ̀, tó bá bàjẹ́ ó lè bá motherboard àti graphics card lọ, bẹ́ẹ̀ inú yàrá ọmọ lẹ fẹ́ gbé e sí.

Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa rí lébẹ́ẹ̀lì kan tó ní tábìlì kékeré. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ +12V sí, ẹ wo iye A tó wà lábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀. Tó bá jẹ́ 40A, wáàtì 480 nìyẹn. Ibẹ̀ ni processor àti graphics card ti ń mu iná. Tí wọ́n bá kọ 600W gàdàgbà síta páálí, tí ìlà 12V yẹn wá jẹ́ bíi 25A, ẹ ti rí i pé 300W péré lẹ ń rà, ẹ gbé e padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un.

AMD ní kí ẹni tó bá ra RX 6600 lo 450W, NVIDIA ní 550W fún RTX 4060. Èmi á ní kẹ́ ẹ mú 550W tó dáa láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń fúnni ní wáráńtì ọdún márùn-ún sókè, á sì gbé kọ̀ǹpútà ọmọ yín fún ìgbà pípẹ́. 80 Plus Bronze tí wọ́n ń kọ sára ẹ̀ dáa, àmọ́ bó ṣe ń ṣọ́ iná lò nìyẹn ń sọ, kò sọ pé iṣẹ́ inú ẹ̀ lágbára.

Tó bá ní bọ́tìnì pupa kékeré kan lẹ́yìn tó ní 115 àti 230, ẹ rí i pé ó wà lórí iye tí iná ibi tẹ́ ẹ wà ń lò kẹ́ ẹ tó tan án. Iná 230 lórí 115, ó máa bú ni. Wáyà páwà sọ́pláì kan, ẹ má fi sínú òmíràn láéláé kódà kó wọ̀ ọ́ ṣinṣin, torí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń to wáyà bó ṣe wù ú, ó lè sun SSD (disk tó ń tọ́jú Windows àti géèmù) lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì tú u wò, iná máa ń kù sínú ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri.

Ìbéèrè: SSD ńkọ́?

NVMe (SSD pẹlẹbẹ tó ń wọ ihò M.2 lórí motherboard) 1TB tí agbára bá wà, 500GB tí ò bá sí. SATA (èyí tó ń lo wáyà) ò burú, àmọ́ tí ihò M.2 bá ti wà lórí motherboard, kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa máa wá wáyà kiri. Hard disk tó ń yí, ẹ fi tọ́jú fọ́tò àti fídíò, ẹ má fi Windows sórí ẹ̀.

Ìbéèrè: Kéésì tó ní gíláàsì àti iná aláwọ̀ oríṣiríṣi lọmọ mi fẹ́.

Mo mọ̀, gbogbo wọn ló fẹ́ ẹ, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀ tó bá ti jẹ́ pé iwájú ẹ̀ ní ihò tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé. Èyí tí wọ́n fi gíláàsì dí iwájú ẹ̀ pa máa ń mú kí ooru há sínú. Gíláàsì tẹ́ńpà le lójú, àmọ́ tí etí ẹ̀ bá kan táìlì lásán ó lè fọ́ yángá, torí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ṣí i, orí aṣọ tàbí àpò ìrọ̀rí lẹ máa gbé e lé. Fún ilé tọ́mọ kéékèèké ti ń sáré, èmi á mú kéésì onírin.

Ẹ wọn gígùn graphics card kẹ́ ẹ fi wé èyí tí kéésì gbà, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá motherboard yín ni Micro-ATX (kékeré) tàbí ATX (ńlá). Motherboard kékeré wọ kéésì ńlá, kéésì kékeré ò gba motherboard ńlá. Ẹ gbé e sórí tábìlì tàbí nǹkan tó ga díẹ̀, ilẹ̀ ni eruku pọ̀ sí jù.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú ra kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àlòkù, kí n ki graphics card sí i?

Ó ṣeé ṣe, ó sì máa ń dín owó kù gan-an. OptiPlex ti Dell, EliteDesk ti HP, ThinkCentre ti Lenovo, wọ́n lágbára, wọn kì í tètè bàjẹ́. Àmọ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń wọ̀. Páwà sọ́pláì inú wọn kéré, wáyà ẹ̀ sì máa ń yàtọ̀, ẹ ò lè kàn fi òmíràn rọ́pò ẹ̀. Nítorí náà káàdì tó máa mu iná látinú ihò motherboard nìkan lẹ lè lò, ihò yẹn ò sì fúnni ju wáàtì 75 lọ. GTX 1650 tí ò ní ihò wáyà iná lára lẹ máa wá, tí kéésì bá tún jẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ wá èyí tó kúrú. RX 6400 máa ń wọ̀ ọ́ dáadáa, wáàtì 53 ló ń lò, àmọ́ lórí motherboard àtijọ́ tí ihò káàdì ẹ̀ jẹ́ PCIe 3.0, ìran tó ti pẹ́, kò ní sáré tó bó ṣe yẹ.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ọdún processor yẹn. Windows 11 ò fọwọ́ sí Intel tó bá ti wà ṣáájú ìran kẹjọ, Microsoft sì ti dáwọ́ àtúnṣe Windows 10 dúró ní October 14, 2025. Géèmù Valorant lórí Windows 11 ò ní ṣí rárá láìsí TPM 2.0 àti Secure Boot, ètò ààbò méjì inú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń rò pé òun á fi Linux (ètò míì tí wọ́n ń lò dípò Windows) sá fún gbogbo ìyẹn, Linux dáa, àmọ́ Fortnite àti Valorant ò sí lórí ẹ̀, ẹ sì mọ ohun tọ́mọ yín kọ sínú ìwé.

Ìbéèrè: Ṣé ọmọ lè bá mi tò ó?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó bá yín tò ó! Ọmọ tó fọwọ́ ara ẹ̀ to kọ̀ǹpútà máa ń tọ́jú ẹ̀ ju èyí tí wọ́n kàn gbé fún lọ, ó sì máa mọ orúkọ gbogbo nǹkan inú ẹ̀ láìsí pé ẹ kọ́ ọ.

RAM ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún un. Ẹ fi ojú ibi tí wọ́n gé lára RAM hàn án, kó fi ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ti ihò, kó wá fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ títí táá fi dún "kọ́". Ó máa rò pé òun ti fẹ́ dá a, ẹ sọ fún un pé bó ṣe le nìyẹn. SSD náà rọrùn fún un, ó kàn máa tì í wọlé ní ìdagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó máa tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó máa fi síkírúù kékeré kan dè é.

Processor, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé e. Ti AM4, abẹ́ processor gan-an ni àwọn abẹ́rẹ́ tín-ín-rín wà, ti AM5 àti LGA1700, inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ni, èyíkéyìí tó bá tẹ̀ nínú wọn, wàhálà ńlá ni. Ẹ fi ààmì onígun mẹ́ta kékeré ara ẹ̀ kan ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kó já bọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ má tì í. Kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin kéésì, kí iná kékeré tó máa ń kóra jọ sára èèyàn lè lọ, torí ó lè ba ẹ̀rọ jẹ́.

Tọ́mọ ọwọ́ bá wà nílé, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Bátìrì róbótó kan wà lórí motherboard, CR2032 lorúkọ ẹ̀, ó jọ bọ́tìnì aṣọ. Tọ́mọ bá gbé e mì, ó lè dáná sun ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Tẹ́ ẹ bá ń fura pé ó gbé e mì, ilé ìwòsàn lẹ máa gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró kí nǹkan kan ṣe é ná. Ẹ ka iye síkírúù náà pẹ̀lú, kí ìkankan má bàa bọ́ sọ́wọ́ ọmọ.

Ìbéèrè: Mọnítọ̀, máòsì, hẹ́dífóònù ńkọ́?

Mọnítọ̀ 1080p, íǹṣì 24, 100Hz (iye ìgbà tí àwòrán ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) sókè ti tó. Tẹ́ ẹ bá ki wáyà sí i tán, ẹ wọ Display settings, ẹ lọ sí Advanced display, ẹ yí i kúrò ní 60Hz, torí Windows máa ń fi í síbẹ̀ nígbà míì. Máòsì, ẹ jẹ́ kó dì í mú kẹ́ ẹ tó rà á, ti àgbà máa ń tóbi jù fọ́wọ́ ọmọ.

Hẹ́dífóònù, ẹ ra èyí tí wọ́n ti dín ariwo ẹ̀ kù fọ́mọdé. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní 75 dB fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni kí ọmọdé má kọjá. Etí tó bá ti bàjẹ́ nípa ariwo kì í padà bọ̀ sípò.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa ṣọ́ ohun tó ń ṣe lórí ẹ̀?

Ẹ ṣí àkáǹtì tiẹ̀ fún un, kó má jẹ́ administrator (àkáǹtì tó láṣẹ lórí gbogbo nǹkan). Microsoft Family Safety jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ lè fi dá wákàtí lé e, kẹ́ ẹ sì dí géèmù tó ju ọjọ́ orí ẹ̀ lọ. Ìdí tí mo fi ń sọ ti administrator ni àwọn tó ń pariwo "Robux ọ̀fẹ́" (owó tí wọ́n ń ná nínú Roblox) káàkiri, nǹkan tọ́mọ bá dáúnlóòdù níbẹ̀, pásíwọọ̀dù ló máa ń wá jí. Mods náà ńkọ́, ní oṣù kẹfà ọdún 2023, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní fractureiser wọ inú mods Minecraft lórí CurseForge gan-an, ibi tí gbogbo èèyàn gbà pé ó dáa. Kó máa bi yín kó tó fi nǹkan tuntun sórí ẹ̀.

Ìbéèrè: A tò ó tán, fáànù ń yí, àmọ́ mọnítọ̀ dúdú.

Ẹ má páyà. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn: tẹ́ ẹ bá ní graphics card, ara ẹ̀ nísàlẹ̀ ni wáyà HDMI ti ń wọlé, kì í ṣe ara motherboard lókè. Èyí ló máa ń jẹ́ jù. Tíyẹn bá tọ́, ẹ wò ó bóyá ẹ ti ki wáyà iná processor tó wà lókè lápá òsì motherboard, àti ti graphics card. Lẹ́yìn náà ẹ pa iná, ẹ yọ RAM, kẹ́ ẹ tún un tẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ gbìyànjú pẹ̀lú ẹyọ kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ DDR5, ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá tan án ó lè pẹ́ bí ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó gbé àwòrán jáde, motherboard ló ń yẹ RAM wò kó lè mọ bó ṣe máa lò ó, ẹ má tètè pa á. Motherboard míì ní iná kékeré mẹ́rin tí wọ́n kọ CPU (processor), DRAM (RAM), VGA (graphics card) àti BOOT (disk tí Windows wà) sí, èyí tó bá tàn tí ò kú nínú wọn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ wò.